Lágbájá Dé Fìlà Jìnádù

Ní Ẹ̀pẹ́, nínú yàrá ẹ̀yìn tó kọjú sí ọ̀sà,
níbi tí òórùn ẹja yíyan kì í ti í fi aṣọ sílẹ̀,
mo ń kọ ìran wa sínú ẹ̀rọ.
Gbólóhùn kan, àmì ìdánudúró kan.
Jìnádù bí Ṣékoní.
Ṣékoní bí Ràfátù.
Ràfátù bí bàbá mi.
N kò kọ́ ọ bí yóò ṣe wá nǹkan;
ohun tó jẹ́ òótọ́ nìkan ni mo sọ fún un.

Lẹ́yìn náà ni mo ránṣẹ́ pe àwọn tí kò lójú, tí kò nímú:
Lágbájá ni orísun Tàmẹ̀dò bí Lágbájá bá bí Tàmẹ̀dò.
Tàbí kẹ̀, bí Lágbájá bá bí Làkásègbè,
tí Làkásègbè sì jẹ́ orísun Tàmẹ̀dò.
Ó tán. Òfin méjì péré,
ìran tí kò lópin ká sínú wọn
bí àwọ̀n gígùn ṣe ń ká sínú agbọ̀n.

Mo bi í pé, ta ni orísun bàbá mi?
Lágbájá dé fìlà Jìnádù wò,
ó wọ ọkọ̀, ó tọ ipa omi kan,
ó tọ̀ ọ́ títí ó fi kan ibi tí koríko dí,
ó fẹ̀yìn tukọ̀ padà sí oríta omi,
ó ṣí fìlà bí ẹni tí kò dé e rí,
ó mú òmíràn.
Músẹ́díkù ará Ojú-Alárò a máa bú omi tó bá tàn án jẹ.
Ẹ̀rọ kì í bú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan mo fi òfin kejì ṣáájú, mo tún da inú rẹ̀ rú:
orísun ń bi orísun, orísun ń bi orísun,
fáànù ẹ̀rọ ń ké,
iná lọ, ìdáhùn kò dé.
Màmá àgbà rẹ́rìn-ín.
"Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan iyanrìn,
báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ti gúnlẹ̀?"

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní:
"Bi í bóyá Ṣékoní bí Lámídì."
Mo tẹ̀ ẹ́.
Rárá, ni ẹ̀rọ wí,
kíá, kò tilẹ̀ wò ó lójú.

Mo ní, Màmá, kò mọ̀ ọ́n ni.
Ó tú gbogbo ohun tí mo kọ, kò bá a níbẹ̀,
àìrí ló ń pè ní àìsí.
Ayé tirẹ̀ kò ju ohun tí a bá sọ fún un lọ.

Ó ń yọ egungun ẹja lọ. Ó pẹ́.
"Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí omi gbé e.
Wọn ò dárúkọ rẹ̀ nílé wa mọ́.
Èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n."

Mo fi gbólóhùn kan kún un. Àmì ìdánudúró.
Mo tún bi í.
Bẹ́ẹ̀ ni, ó wí, pẹ̀lú ohùn kan náà,
bí ẹni pé kò fi ìgbà kan sọ pé rárá.

Mo fẹ́ pa á.
Màmá àgbà ti ń ka orúkọ mìíràn lórí ìka.