Kìnnìún Tó Ń Yí Òkúta

Bowmanville, òwúrọ̀ oṣù Karùn-ún.
Òtútù ṣì wà nínú kọnkéré.
Mo kúnlẹ̀ ti táyà ọ̀tún iwájú,
mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ó ti gbóná tó,
bí abiyamọ ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ.

Inú àpótí irin lọkọ̀ yìí ti wá láti Ọsirélíà,
oṣù méjì lórí òkun.
Apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí.
Àwọn ará ibí ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín:
ta ló gbé sìtíárín lọ sí ilé aládùúgbò?
Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ làwọn náà ṣe ń wakọ̀
kí ìjọba tó ní kí gbogbo wọn bọ́ sí apá kejì;
ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà,
jẹ́jẹ́ lawakọ̀ ń rìn bí ẹni ru ẹyin.

Treloar ni awakọ̀ wa. Irun rẹ̀ ti funfun.
Ó ní ilé méjì ló wà nílùú àwọn,
o jẹ́ ti Holden, àbí o jẹ́ ti Ford;
wọ́n ń bí ọ sí i ni, o ò kí ń yàn án.
Àǹtí rẹ̀ fẹ́ ọmọ ilé Ford,
ọdún mẹ́ta ni wọn ò fi jẹun Kérésì pọ̀.
Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí mi:
Bàbá mi ló ń to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́,
ẹni tó bá gbé Pijó wá kí wa
ẹ̀yìn ilé ni yóò páàkì sí.

Kìnnìún kan wà níwájú ọkọ̀, ó ń yí òkúta.
Bàbá Treloar kun irú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
ní Elizabeth.
Èmi, ọdún mẹ́sàn-án ní Oshawa, nítòsí ibí,
mò ń de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó,
ìjókòó kan ní ìṣẹ́jú kan.
Wọ́n ti Ọ̀jọ́ pa.
Wọ́n ti Elizabeth pa.
Oshawa, wọ́n tì í, wọ́n tún ṣí i, n ò padà.
Iná kú, ó feérú bojú.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rọ́pò.
Ilé iṣẹ́ kú, kí ló fi sílẹ̀?
Ẹ̀yìn dídùn. Ọkọ̀ kan. Àwa.

Wọ́n ju àsíá, ilẹ̀ mì.
Àwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó fò lórí koríko.
Ní ìyípo kejìlá, Treloar wọlé:
mo tú, mo fà, mo tì, mo de,
n ò mí títí ó fi jáde.
Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọ́n ń pariwo.
Ford aláwọ̀ búlúù ti Desrosiers dúró sílẹ̀,
ìbọn tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì kọ̀, kò yí.
Ọ̀gá wa Adelino wò mí. Ó ní, "Má dán an wò."
Mo ti ju tèmi sí wọn.

Ní kọ́nà ìgbẹ̀yìn, búlúù kọjá kìnnìún.

Treloar bọ́ àkẹtẹ̀, òógùn bò ó.
Ó wò mí pẹ́.
"Bàbá mi ìbá lé ẹ níṣẹ́ lónìí."
Ó wá bu tíì inú fúláásì rẹ̀ fún mi,
ó gbóná, kò ní ṣúgà.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá mi pè láti Agége.
Mo ròyìn gbogbo ẹ̀, títí dórí ìbọn.
Kò bá mi wí. Ó ní,
"Ṣé Ìjàpá kankan wà níbẹ̀?"
Mo ní rárá.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Ó ń bọ̀," ló wí. "Ṣé o mọ̀ pé kì í yára."