Ìkòkò Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta ní Òdòjọmu

Ẹ̀yìn iná arọ, lára ògiri, ni bàbá mi lẹ àwòrán náà mọ́,
ojú-ewé kàlẹ́ńdà tí Liú, ẹni tó ń wọn ọ̀nà Òrè, fún un
lọ́jọ́ tó gbé ife tíì rẹ̀ wá ká bá a jó etí rẹ̀.
Ìkòkò idẹ. Liú ní ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún.
"Ta ló kọ́ wọn?" Bàbá mi bi ògiri.
Ògiri ò fèsì.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró. Ìyẹn yé wa:
ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Ṣùgbọ́n ojú yẹn.
Ojú kan ń wo ni láti ikùn ìkòkò,
ẹyinjú méjì yọ roboto, ìwo tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ lókè wọn,
imú wà, eyín òkè wà,
àgbọ̀n ìsàlẹ̀ kò sí.
Ní kékeré mi, mo máa ń kọ̀yìn sí i kí n tó jẹun.
Mo rò pé ohun tí kò ní àgbọ̀n
kò lè yó láé.

Ìlà wẹ́wẹ́ ká yí ojú náà bí ìkarahun ìgbín,
ìgbín onígun mẹ́rin.
Liú ní àrá ni wọ́n ń pè é.
"Àrá onígun? Èyí tó ń sán ní Oǹdó yìí,
mi ò rí igun lára rẹ̀ rí."
Lálẹ́ ọjọ́ náà mo bá a
tó ń fi èékánná fa igun àrá sára ìda.

Mo bi í bóyá ewé ni wọ́n fi kùn ún, tó fi tutù bí ọmọ ilá.
"Rárá o. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ amọ̀ lára rẹ̀,
ó ń dán bí oòrùn ìyálẹ̀ta.
Ọjọ́ orí ló kùn ún. Wo irun tèmi náà."

Tiwa, ìda la fi ń mọ ọ́n; iná á yọ́ ìda, idẹ á gba ipò rẹ̀.
Tiwọn, amọ̀ ni, wọ́n á gé e sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á tún un tò.
Ibi tí amọ̀ méjì bá ti pàdé, idẹ á yọ síta bí àpá.
Wọn ò fi fáìlì rẹ́ àpá náà.
Wọ́n sọ ọ́ di ogbe àkùkọ.

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi àti Akíndọ̀jútìmí àbúrò rẹ̀
fi kọjá ara wọn lójú ọ̀nà bí àlejò.
Ẹwìrì bàbá wọn ló dá a sílẹ̀. Ẹwìrì kan ṣoṣo,
awọ rẹ̀ sì ti lu.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta kan, mo fi ọwọ́ bo ìdajì àwòrán náà.
Ojú pòórá.
Ẹranko kan ló kù, ó fẹ̀gbẹ́ dúró, ó ní ìrù, ó ní èékánná.
Mo bo ìdajì kejì: òmíràn.
Méjì ni wọ́n látọjọ́ yìí, imú kan imú
bí ẹni fẹ́ jà,
àwa ń pè wọ́n ní ojú kan.
Mo pe bàbá mi. Ó wò ó títí.
Ó ní kí n lọ pọn omi wá.

Ìkòkò tó rọ lọ́dún náà ń bẹ lọ́dọ̀ mi.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, páálí ni mo fi tì í.
Inú ìsàlẹ̀, níbi tí oúnjẹ ń bò,
ló kọ̀wé sí, bí àwọn ará ọ̀hún ti ń ṣe:
orúkọ méjì, imú kan imú.

Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú, mo fi bu àsáró fún Bàbá Kékeré.
Ó jẹ, ó jẹ, ó fi ìka nu ìdí ìkòkò,
ìka náà dúró.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Kò fi àmì sábẹ́ ọ̀ mi," ló wí.
Ó sì na ìkòkò sí mi pé kí n tún bù sí i.