Ìwé Ìjókòó Ọjọ́bọ̀ Mímọ́

Èmi ni mo kọ ìwé ìjókòó.
Ẹfun ni mo fi kọ nọ́ńbà sẹ́yìn àga méjìlá
ní ìjọ Pétérù Mímọ́, Ìsánlú-Ìsin,
nígbà tí wọ́n ní Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ láti Òmù-Àrán
wá wẹ ẹsẹ̀ wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jà lórí ẹsẹ̀.
Bàbá Ìjọ ní tòun ni kìíní,
ta ló ra páànù tó bo pẹpẹ?
Wọ́dìn Àgbà ní ipò wọ́dìn ló ṣáájú nínú òfin,
oyè Bàbá Ìjọ, owó la fi ń rà á.
Ìyá Ìjọ ò sọ̀rọ̀. Ó kàn ra ìbọ̀sẹ̀ tuntun.
Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún kọ,
títí ẹ̀yìn àga kìíní fi funfun
bí ẹnu ọmọ tó jí mílíìkì lá.

Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì nípa oyè yìí,
iṣẹ́ ló pè é.
Àwa ń kà á, a ka oyè,
oorun sì gbé wa lọ kí a tó dé ibi iṣẹ́.

Ọjọ́ pé. Àga kejìlá ṣófo.
Alàgbà Fáníyì ti bínú lọ sóko,
wọ́n ní àga rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn jù.
Mọ́kànlá ò sì ṣeé wẹ̀:
Júdásì pàápàá, a kà á mọ́ ọn.
Fíkà wo ọ̀tún, ó wo òsì,
ó rí Títù tí ń lu agogo,
tó gbé korobá omi dúró.
“Jókòó.”
“Èmi kẹ̀?”
Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé mi.

Àwọn mọ́kànlá ti fọ ẹsẹ̀ wá láti ilé,
ìpara ń dán, omi ń yọ̀ lára wọn.
Ẹsẹ̀ Títù nìkan ni omi ti ríṣẹ́ ṣe.
Oyè ni àwọn tó kù jẹ,
oyé ló jẹ gìgísẹ̀ tirẹ̀,
ó là bí ilẹ̀ àkùrọ̀ nígbà ọ̀dá,
iyẹ̀pẹ̀ pupa ọ̀nà Òwù kún inú rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún.
Ó ṣí fìlà oyè, ó wá ibi tí yóò gbé e sí,
kò rí,
ó gbé e lé Títù lọ́wọ́.
Ó pẹ́ níbẹ̀. Omi pọ́n.
Kò sẹ́ni tó wúkọ́, àfi Wọ́dìn Àgbà.

N kì í ṣe oníwàásù,
n ò ní sọ pé ìjọ yí padà.
Lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n tún jà
lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ jó lọ sídìí àpótí ọrẹ.
Àmọ́ bí Bíṣọ́ọ̀bù ti dìde,
Títù dá fìlà padà, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà,
ó gbé bàsíà,
ó da omi náà sídìí igi ọsàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Fíkà ní kí n tún ìwé náà kọ, fún ìrántí.
Mo di bírò mú láti àárọ̀,
n ò mọ̀
bóyá òkè ni kí n ti bẹ̀rẹ̀,
àbí ìsàlẹ̀.