Ohun Tí Kò Ṣeé Tà

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ọ̀dà kò tíì dé láti Abẹ́òkúta.
Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n ṣáà máa fi ẹnu kọ́ wọn.
Ẹnu kẹ̀! Èmi tí mo gbà pé ọwọ́ ló ń ronú.
Mo gbé ọsàn kan àti ìgò kan ka orí tábìlì
bí ìwé ti wí,
àwọn ọmọ méjìlélógójì sì yà á:
ọsàn méjìlélógójì tí kò lómi nínú,
ìgò tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹnu kàn rí.
Nígbà tí agogo lù, ẹnìkan jí ọsàn náà jẹ.
Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà.

Ni mo bá ní, "Ẹ padà sílé, ẹ lọ wò yíká.
Ohun kan wà níbẹ̀ tí ìyá yín kò ní tà
bí ebi tilẹ̀ wọlé jókòó.
Òun ni kí ẹ mú wá."

Ọjọ́bọ̀, gbogbo Òde Rẹ́mọ kó wọ kíláàsì mi.
Mọdínátù mú tẹ̀súbáà bàbá rẹ̀ wá;
hóró mẹ́ta ti já sọnù lójú ọ̀nà oko,
kóró ìdò ni wọ́n fi dípò wọn.
Ó ní Ọlọ́run kì í ka ìyẹn sí àṣìṣe.
Ṣóyọmbọ̀ mú kọ́kọ́rọ́,
ilé tó ń ṣí ti wó lọ́dún tí wọ́n fẹ títì.
Ẹnìkan gbé asẹ́ gààrí,
a rí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá mẹ́ta ti jẹ igi etí rẹ̀ wọnú.
Sẹ̀gilọlá yọ ìtàgbè jáde nínú ọ̀rá búrẹ́dì,
ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lára rẹ̀ tí a fi òwú hun,
ó wò wá, àwa náà wò ó,
kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má tíì yà á," ni mo wí.
"Ẹ gbé e lé itan. Ẹ bi í léèrè ẹni tó ti dì í mú."
A gún gbàǹja tí kòkòrò ti jẹ,
oje rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ wa lẹ́yìn òjò;
èédú ṣe dúdú, ẹfun ṣe funfun.
Abẹ́òkúta lè jókòó lé ọ̀dà wọn.

Ìyá Sẹ̀gilọlá fi ìbínú dé, gèlè rẹ̀ ń wó lọ:
"Tíṣà, ṣé iṣẹ́ ọnà lẹ ń kọ́ wọn ni
àbí ẹ ń kọ́ wọn ní òrìṣà?"
N kò tíì fèsì tí ó fi gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá náà.
Ó rí Mọdínátù, ètè rẹ̀ ń mì,
hóró kan, àmì kan, hóró kan, àmì kan.
Ó rí ọmọ tirẹ̀ tó tẹ̀ síwájú ọ̀pọ̀lọ́ bàbá àgbà
bí ẹni ń wo ìkókó tó ń sùn.
Obìnrin náà bọ́ bàtà sẹ́nu ilẹ̀kùn.
Kò sẹ́ni tó ní kó bọ́ ọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ló wá lọ́wọ́ òfo: Ọnàfowókàn.
"A ti ta gbogbo ẹ̀ tán, mà."
Mo wo orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà, mo tún un wò.
Àmì kan péré ló wà láàárín ọnà àti ọ̀nà;
ìran tí ọnà fi ọwọ́ kàn,
ọmọ wọn ń wo ilẹ̀.
"Bi ìyá rẹ àgbà, ta ló kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí nílé yín."

Ọjọ́ Ajé, ó mú irin kan dé, ó ti dípẹtà,
kò gùn ju síbí lọ.
Láti ìgbà tó ti gbọ́njú
òun ni wọ́n fi ń há ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́.
Àwọn tó ń ra àlòkù ti gbé ìkòkò, wọ́n ti gbé fáànù,
ojú wọn kò dé ibẹ̀.
Ìyá àgbà sunkún nígbà tó bi í:
irin tí bàbá ọkọ òun fi ń gbẹ́ ère ni.

Ó pọ́n ọn lórí òkúta títí ẹnu rẹ̀ fi mú.
Kò yà á. Ó mú ẹsẹ̀ àpótí mi tó ti kán,
ó ń gbẹ́ ohun kan tí òun alára kò tíì mọ̀.
N kò bi í.

Wọ́n ní nílé wọn báyìí, ilẹ̀kùn yẹn kò há mọ́.
Bí o bá fẹ́ wọlé, wúkọ́.
Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, òun náà á wúkọ́.