Ínṣì Mẹ́rin

Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń wọn Kóòṣì Ràímì
nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀pẹ́, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń já ẹja.
Afẹ́fẹ́ ọ̀sà a máa ká téèpù mọ́ mi lọ́wọ́,
òórùn àrọ̀ a máa wọlé wá jókòó láìgbàṣẹ.

Ọmọ mẹ́rìnlá ni mò ń rán aṣọ bésíbọ́ọ̀lù fún lọ́dọọdún,
ọmọ ilé ìwé, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín bí igi àjẹ̀.
Ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún wọn ni bàbá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin,
tó ní irùngbọ̀n funfun, tó ní ikùn,
tó ní kí n rán ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún fún òun náà,
kí n lẹ nọ́ńbà mọ́ òun lẹ́yìn bíi ti àwọn ọmọ.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀rín pa mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé abẹ́rẹ́ mì.
Mo ní, "Kóòṣì, àwọn ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀
ń wọ kóòtù, wọ́n ń so táì, wọ́n ń dúró létí ìlà bíi lọ́yà.
Kí ló dé tí ẹ̀yin ń bá ọmọ ọdún mẹ́tàlá wọ aṣọ kan náà?"

Kò dá mi lóhùn. Ó na apá kí n wọ̀n ọ́n.
Ìgbà tí mo dé àyà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀:
"Nígbà tí eré yìí ṣì ń rákòrò,
kò sí ẹni tó ń dúró síta pàṣẹ.
Balógun wọn ń bẹ nínú pápá, ó ń gbá, ó ń sá, ó ń ṣubú,
òun náà ló ń sọ pé ìwọ gba ibí, ìwọ gba ọ̀hún.
Ogbó dé, ó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó rántí gba aṣọ."

Ó wo ìta díẹ̀.
"Ìwọ ọmọ Ẹ̀pẹ́ yìí, o ti rí atukọ̀
tó wọ agbádá láàárín ọ̀sà rí?"
Mo ní n kò rí i.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé: ikùn, mẹ́rìnlélógójì.

Sátidé kan ni mo tó lóye rẹ̀,
ọjọ́ tí àwọn ọmọ Ìkòròdú wá bá wọn gbá a.
Mùsẹdíìkù ló ń ju bọ́ọ̀lù lórí òkìtì.
Ó jù ú, ó ṣì. Ó jù ú, ó ṣì.
Èèyàn ń hó lé e lórí. Bàbá tó bí i pàápàá ń hó.
Kóòṣì dìde. Kò pariwo láti ẹ̀gbẹ́.
Ó da ẹsẹ̀ kọjá ìlà ẹfun, ó rọra gba orí koríko,
nọ́ńbà mọ́kànlélógún lẹ́yìn rẹ̀, ẹrẹ̀ ń ta sí i ní ìbọ̀sẹ̀,
ó gun òkìtì lọ bá ọmọ náà.
Níbi tí mo jókòó sí, n kò gbọ́ ohun tó sọ.
Aṣọ méjì tí mo rán ni mo rí,
ńlá kan, kékeré kan, tí wọ́n forí korí.
Fún ìṣẹ́jú kan, n kò mọ èwo ni ọ̀gá.

Wọ́n pàdánù. Méjìlá sí mẹ́ta.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó tún wá. Mo yí téèpù ká a,
téèpù bá ara rẹ̀ pàdé kí n tó retí.
Ogójì. Mo tún un wọ̀n. Ogójì.
Ínṣì mẹ́rin ti bá ibì kan lọ láàárín òjò àti ọyẹ́.
N kò bi í. Kò sọ.
Ẹ̀rọ ọmọṣẹ́ mi ń kùn ṣáá.
Ó ní, "Mòríámọ̀, má gé èyí tó ṣẹ́ kù dànù o.
Ká a sínú. Fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Mo ti rán an tán. Òun nìyẹn lórí ìṣó,
láàárín kéékèèké mẹ́rìnlá,
afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń mi gbogbo wọn pọ̀.
Bí ẹ bá yí i sódì, ẹ ó rí ínṣì mẹ́rin náà,
méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì.
N kò rán an pa. Mo kàn gán an ni,
abẹ́rẹ́ tó jìnnà síra,
èyí tí ọwọ́ lásán lè tú.