Má Wo Oòrùn Lójú

"Tamimúnti, fi òrùka rẹ̀ há àtàǹpàkò,
jẹ́ kó rọ̀, má mì ín.
Idẹ wúwo; ìwúwo rẹ̀ ló ń mú un dúró gangan.
Bí afẹ́fẹ́ orí òrùlé Fẹ́ẹ̀sì bá ń tì í,
kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Rọra mí.

Má wo oòrùn lójú.
Yí ọ̀pá ẹ̀yìn àwo náà díẹ̀díẹ̀
títí ìmọ́lẹ̀ tó gba ihò òkè
yóò fi bọ́ sínú ihò ìsàlẹ̀,
bí ìgbà tí a bá fi òwú bọ abẹ́rẹ́.
Ibi tí ṣóńṣó ọ̀pá bá tọ́ka sí, kà á."

Báyìí ni bàbá mi kọ́ mi,
Mahirésì, olùṣọ́ àsìkò mọ́ṣáláṣí,
òun tó wo oòrùn lójú fún ogún ọdún
nítorí ìkánjú,
tí ẹyinjú rẹ̀ wá funfun bíi wàrà.

Lẹ́yìn náà, mo dojú àwo kọ ara mi.
Aláǹtakùn ni wọ́n ń pe àwọ̀n idẹ tó wà lókè:
ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú bí ẹ̀gún,
orí ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan, ìràwọ̀ kan.
Ti òru rọrùn. Ìràwọ̀ kì í jó ẹyinjú,
èèyàn lè gba inú ihò méjèèjì tẹjú mọ́ ọn.

Abẹ́ aláǹtakùn ni awẹ́ ìlú wà.
Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀.
Yẹ́dásì, àbúrò bàbá mi, gbé awẹ́ Fẹ́ẹ̀sì lọ sí Sijilimáásà,
òun àti ràkúnmí mẹ́ta, òun àti ẹrù aṣọ.
Ó padà dé, ó ní iwin ti wọ inú idẹ.
Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Ojú ọ̀run Sijilimáásà lo wò,
o wá fi ojú Fẹ́ẹ̀sì kà á!"

Lónìí, ládàánì jókòó sórí àtẹ̀gùn,
ó ń jẹ èso ólífì, ó ń tu kóró rẹ̀ sọ́wọ́.
Mo ké pe bàbá: "Mẹ́rìndínlógójì!"
Ilé Màlúù ni oòrùn wà, ní ìlà kẹsàn-án;
mo yí aláǹtakùn
títí ìlà kẹsàn-án fi gun agbo kẹrìndínlógójì.
"Bàbá, wákàtí tó ń tọ́ka sí ni..."

"Dúró ná. Ṣé ó ń gòkè ni, àbí ó ń sọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì.
Gíga kan náà ni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.
Agbo yìí gba ìlà-oòrùn kọjá, ó gba ìwọ̀-oòrùn kọjá,
idẹ ò mọ èwo ni èwo.
Ẹni tó dì í mú ló gbọ́dọ̀ mọ̀.

Bàbá na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri,
ẹ̀gbẹ́ ibi tí oòrùn ń lọ.
"Ó ń sọ̀," ló dá ara rẹ̀ lóhùn,
ó rẹ́rìn-ín músẹ́
bí ẹni tí wọ́n béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ládàánì tu kóró ìkẹyìn, ó gun òkè lọ pe Alásárì.
Mo fi aṣọ wé idẹ náà. Ó ṣì gbóná.