Ọ̀rọ̀ Kan ní Ojú-Ìwé Kẹrìnlélógójì

Ọjọ́ kẹta rèé tí a ti wà nínú yàrá yìí ní Trondheim,
ilé-iṣẹ́ mọ́kànlá, ẹnu mọ́kànlá, ihò iná mọ́kànlá.
Èmi ni akọ̀wé. Iṣẹ́ mi ni kí n má sọ̀rọ̀.
Yìnyín ń bọ́ sórí afárá, kọfí ti tutù,
wọ́n ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:
ṣé “ó yẹ” la ó kọ, àbí “ó gbọ́dọ̀”?

Ó yẹ kí orí wáyà ọkọ̀ kan wọ ihò gbogbo wa.
Wọ́n ní èyí dára, ó rọ ọrùn.
“Ó yẹ” kì í fa ẹnikẹ́ni láṣọ.
Ohun tó yẹ la ò ní ṣe,
kò sì sẹ́ni tí yóò bi wá.

Ragnvald, ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá, dìde.
Ó ní ogún ọdún làwọn fi tọ́ orí wáyà tàwọn dàgbà,
ẹni tó bímọ ló mọ orúkọ tí yóò sọ ọ́.
Baek Seung-woo, ará Busan, rẹ́rìn-ín músẹ́:
“Ọmọ yín ti bàlágà. Ẹ jẹ́ kó jáde lọ gbéyàwó.”
Yàrá bú sẹ́rìn-ín. N kò kọ ọ́ sílẹ̀.
Àkọsílẹ̀ kì í gba ẹ̀rín.

Ìgbà náà ni Gudny, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ènìyàn mẹ́fà lọ,
da àpò ọ̀rá kan sórí tábìlì:
orí wáyà méje,
ọ̀kan bí etí eku, ọ̀kan bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ,
ọ̀kan ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó ní, “Agbẹ̀bí ni ìyá mi, ní Røros.
Ní oṣù kìíní, lóru, iná ọkọ̀ rẹ̀ ń tán lọ.
Ó dé ibùdó mẹ́ta. Iná wà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Kò sí èyí tó wọlé.”

(A máa ń ní ọwọ́ àgbà kò wọ kèrègbè.
Lóru ọjọ́ náà, kèrègbè ló kọ ọwọ́.)

“Ó fẹsẹ̀ rin kìlómítà mẹ́rin tó kù.
Ọmọ ti dé kó tó dé. Ó wà láàyè, ẹ fọkàn balẹ̀.
Ìka ẹsẹ̀ ìyá mi méjì ni kò sí mọ́.”
Ó kó orí wáyà rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo kọ: ìdákẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú kan.
Ìyẹn, àkọsílẹ̀ gbà á.

Mẹ́sàn-án nawọ́. Ọ̀kan kò nà án.
Ragnvald wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ìwé tí kò lè kà,
ó nà án dé ìdajì.
Alága ní òun yóò kà á sí odindi.

Mo pa “ó yẹ” rẹ́. Mo tẹ “ó gbọ́dọ̀”.
Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀la, ojú-ìwé karùndínláàádọ́ta.
Fóònù mi ti fẹ́ kú. Mo yá wáyà lọ́wọ́ Baek.
Kò wọlé.